Búlúù Abẹ́ Irin Bẹ́ẹ̀dì Kẹrin

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin dókítà tuntun.
Ẹ má jókòó. Omi ẹ̀rọ kì í kọjá aago mẹ́wàá níbí.

Ìyá mi ta ẹja ní Olúwo fún ọgbọ̀n ọdún.
Bí ó bá ti fọwọ́ kan àrọ̀ láàárọ̀,
a ó gbóòórùn rẹ̀ lára ìlẹ̀kùn, lára ìrọ̀rí,
lára owó tí mo mú lọ sílé ìwé.
Ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó fi ń fọ abẹ́ èékánná lálẹ́.
Ká ní kòkòrò àrùn ń rùn bí ẹja Ẹ̀pẹ́ ni,
ìjọba kì bá tí san owó oṣù fún mi.
Kò rùn. Kò láwọ̀. Kì í kanlẹ̀kùn.
Ó ń bá wa kí aláìsàn pé, "Ṣé ara ti le?"

Nítorí náà ni mo ṣe dẹ ìgèrè fún yín.
Ní aago méje, kí ẹ tó dé,
mo po búlúù ìfọṣọ mọ́ gílísẹ́rìn,
mo fi kun abẹ́ irin bẹ́ẹ̀dì kẹrin, níbi tí ojú kò dé.
Ẹ sì ti yí wọ́ọ̀dù ká.
Ó yá, ẹ tẹ́wọ́.

Dókítà Ọnàfọwọ́kàn, orúkọ yín ti jẹ́wọ́ kí n tó bi yín:
búlúù wà létí yín, ó wà lára kálámù,
ó wà lára fáìlì bàbá bẹ́ẹ̀dì kọkànlá
tí ẹ ní ẹ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.
Dókítà Mọ́ríyámọ̀, ẹ wọ ibọ̀wọ́, ẹ kú iṣẹ́,
ṣùgbọ́n ibọ̀wọ́ yẹn náà lẹ fi gbé fóònù,
ẹ sì gbé fóònù lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Ta ló jẹ búrẹ́dì nínú yín? Kó rẹ́rìn-ín ká wo eyín rẹ̀.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín.
Àfi bí Kúdírátù tó ń nu ilẹ̀ ṣe nàka sí mi:
"Mátírọ́ọ̀nù, imú yín."
Mo wo dígí. Búlúù.
Èmi tí mo pò ó. Èmi tí mo mọ ibi tó wà.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò sí nínú ìwé.
Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, òru òjò kan,
ìkókó mẹ́ta wà lọ́wọ́ èmi nìkan.
Mo tọ́jú ìwọ́ ti àkọ́kọ́,
mo nu ọwọ́ mi lára aṣọ,
mo tọ́jú ti ìkejì.
Ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Èjìrìn,
ó pè mí ní ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀ níwájú àna rẹ̀.
Ní ọjọ́ kẹfà, ìwọ́ pọ́n, ara gbóná, ọmọ kọ ọmú.
Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni.
Kó tó padà sínú ọkọ̀, ọwọ́ òfo,
ó fi epìyà yíyan mẹ́rin dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.
Mo gbà á.

Àwọn àgbà ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́.
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà gbàgbé àtàǹpàkò.
Ó gbàgbé ìgbà: kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn,
lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kàn án,
lẹ́yìn gbogbo ohun tó yí i ká, títí kan irin.
Bí omi bá lọ, sípírítì wà lápò mi.
Bí ọ̀gá yín bá gbàgbé, ẹ rán an létí;
bí ẹ̀rù rẹ̀ bá ń bà yín, ẹ pè mí.

Omi ṣì ń yọ. Ẹ bọ́ aago, ẹ ká apá aṣọ.
Dókítà Ọnàfọwọ́kàn, ẹ bọ́ síwájú.
Rárá, ẹ má tíì ti ẹ̀rọ. Àtàǹpàkò.
Ó tún ku èkejì.
Mo wà lórí ìlà, lẹ́yìn yín.